Gíláàsì Àlejò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Àìkú ni òní, òjò tó ti ń rọ̀ láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Lọ́kọ́ja ni mo wà, nínú kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n fi wá wọ̀ sí. Àga àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní ni mo jókòó lé, orúnkún mi ń kan tábìlì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ wo gbàgede Paparanda àti etí odò níbi tí omi méjèèjì ti pàdé. Wọ́n fẹ́ kí n wá júwe ọ̀nà fún wọn, mo ní kí wọ́n máa lọ, mo ní ẹnìkan tí mo fẹ́ kọ̀wé sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìwé fún yín, nítorí òun lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ ó ti gba ẹrù lórí mi, n kò tíì fìdí kan àpótí, ẹ ó ti ní báwo ni ìwé. Ìwé ń lọ dáadáa, Bàbá. Mo ti parí ọdún kejì. Kẹ́mísírì tó gbé mi ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́, mo tún un ṣe, mo sì yege. Ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ tí ẹ ní kí n lọ kọ́ ni mò ń kọ́ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa obìnrin inú rẹ̀ ò pọ̀, tí olùkọ́ kan sì máa ń wo ọwọ́ wa bí a bá di òòlù mú, bóyá kó lè mọ̀ bóyá a ó fi lu ara wa.

Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹni méjì ni àwa mẹ́rin ń gbé. A fi aṣọ ìkélé pín in, a sì ń jà lórí fèrèsé. Èmi ni mo ń se oúnjẹ jù, nítorí àwọn yòókù ò mọ̀ ju kí wọ́n da omi sí gààrí lọ. Bí mo bá ń se ọbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń tọ́ ọ wò bíi tiyín, n kì í ti ṣíbí bọ ẹnu kí n tún tì í bọ ìkòkò. Bí a bá sì jẹun tán, n kì í lè jókòó títí abọ́ á fi mọ́. Rónkẹ́, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, bi mí nígbà kan pé ta ló kọ́ mi ní irú ìmọ́tótó yìí. Mo ní ìyá mi ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá mi ti kú kí n tó lè dá jókòó. N kò mọ ohun tó dé tí n kò fi lè sọ pé bàbá mi ni. Irọ́ tún nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n.

Ní ìgbà tí a kọ́kọ́ dé yàrá, kálukú ń sọ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Adájọ́ ni bàbá Rónkẹ́. Ti ẹnìkejì ń ta ọkọ̀ ní Kàdúná. Nígbà tó kàn mí, mo ní bàbá mi bá àwọn tó ń wá irin ṣiṣẹ́ lórí òkè Agbaja. Òótọ́ ni. Wọ́n wá bèèrè pé ṣé ẹnjiníà ni. Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ẹ̀rín náà sí bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni ẹ ṣe di ẹnjiníà. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ń fi kún un. Mo ra mọ́tò fún yín. Mo kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún yín ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin tí ẹ kò ní ju kẹ̀kẹ́ kan lọ, tí ṣéènì rẹ̀ ń já ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Kúkù ni yín. Kúkù àgọ́ àwọn tó ń wá irin. Ẹ̀yin lẹ ń se ẹ̀wà wọn, tí ẹ ń yan búrẹ́dì wọn nínú páànù, tí ẹ ń fi súfèé kọ orin ìsìn bí ẹ bá ń ká aṣọ ìnuwọ́ wọn kó lè dúró lórí àwo bíi fìlà. Òkúta tí wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lára, lẹ wò títí tí ẹ fi sọ pé ọmọ tèmi náà yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Apá yín tó jóná níbi ààrò àgọ́ náà ló rán mi lọ sí yunifásítì. Mo dé ibẹ̀, mo sì pa yín rẹ́.

Ṣé ẹ rántí gíláàsì yẹn? Ọ̀kan ṣoṣo tí ọ̀gá àgọ́ fún yín nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó nípọn nídìí, ìlà ewé kan yí ẹnu rẹ̀ ká. Inú ìwé ìròyìn lẹ máa ń wé e sí, nínú pọtimáńtò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlejò nìkan ló ń fi mu omi nílé wa. Kọ́ọ̀pù tánganran tó ti họ lẹ́nu ni tèmi àti ti Ìyá Àgbà àti tiyín. Mo yọ gíláàsì náà jáde nígbà kan tí ẹ kò sí nílé, mo bu omi sí i, ẹ sì wọlé bá mi. Ẹ kò nà mí. Ẹ gbà á, ẹ nù ún, ẹ ní, “Má kánjú àtidi àlejò nílé bàbá rẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi nígbà náà. Ó ti yé mi báyìí.

Lásìkò ìsinmi gígùn yìí ni àwa tí a parí ọdún kejì máa ń lọ ya àwòrán ilẹ̀, níbikíbi tí ọ̀gá wa bá yàn. Ọdún yìí, Agbaja ló yàn. Bó ṣe pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì ni mo tẹrí mọ́ ìwé mi. Àwọn ará yàrá mi dojú kọ mí, wọ́n ń patẹ́wọ́, wọ́n ní a máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ní ẹ ti kú, a ti fi ilé náà fún ayálégbé. Ẹ wo ẹnu mi.

Iṣẹ́ náà kò le. Méjì-méjì la pín sí, wọ́n sì gé ilẹ̀ fún kálukú. Àá máa rìn pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti òòlù, àá máa fọ́ òkúta wò, àá sì máa ya ohun tí a bá rí sórí máàpù: odò, ọ̀nà oko, ilé. Ilé tí èèyàn ń gbé, àá kun àmì rẹ̀ dúdú. Èyí tí kò sẹ́ni níbẹ̀, àá fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àá kọ ahoro sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi àti Rónkẹ́ ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì ara wa. Ilẹ̀ tó sì bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni etí òkè, níbi tí ilé wa wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Láńdirófà gbé wa gòkè. Ọ̀nà yẹn ò tíì gbọ́n, Bàbá, ọkọ̀ ń jó lórí òkúta, ẹrẹ̀ pupa ń ta sí wa lójú. Ṣòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀, mo sì fa fìlà bo ojú. N kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin yín. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín tó wẹ̀ mí, tó pọ̀n mí, tó ń jẹ iṣu sí mi lẹ́nu nígbà tí ẹ bá wà ní àgọ́, ti ránṣẹ́ sí mi pé òjò ti ń ba iwájú ilé jẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ìdánwò ń bọ̀. Ìdánwò lọ, òmíràn tún dé.

Ògiri iwájú ti wó. Páànù ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbàdo sì hù níbi tí àga yín máa ń wà. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ti lọ oko, ilẹ̀ dákẹ́. Mo rí òkúta pupa tí a gbé sórí yín, nítorí ẹ ní ẹ kò fẹ́ sìmẹ́ńtì. Koríko ti yí i ká.

Rónkẹ́ yọ bírò. Ó bi mí pé ta ló ni ilé yẹn, ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀.

Mo ní, “Ahoro ni. N kò mọ ẹni tó ni ín.”

Mo sọ ọ́ sókè ketekete, Bàbá. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ó yà á bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ahoro sí i pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó rẹwà. Lẹ́yìn náà ó jókòó lórí òkúta yín láti tún okùn bàtà rẹ̀ so. Mo ń wò ó. Ó wo òkúta náà, ó ní ó dára, ó gbé òòlù sókè láti gé díẹ̀ lára rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, a ti ní irú rẹ̀ tó nínú àpò. Gbogbo ohun tí mo lè ṣe fún yín lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Àgbà fi yọ láti ẹ̀yìn ilé, Rónkẹ́ sì rò pé ilé mìíràn ló ti wá. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ògiri tó wó náà ló sì wà láàárín wa nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Ó ti gbó sí i. Ó gbé tíréè lọ́wọ́. Gíláàsì yín ló wà lórí rẹ̀, ó kún fún omi.

Ó ní, “Òkun o, ẹ̀yin àlejò.”

Rónkẹ́ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, kò mọ irú ìkíni yẹn, ló bá wojú mi. Mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un bí ẹni tó kà á nínú ìwé. Ìyá Àgbà gbé àpótí wá, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e síwájú mi. Èmi ló kọ́kọ́ gbé omi fún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di tíréè mú bí ẹ ṣe kọ́ ọ, kò sì gbójú kúrò lójú mi. Mo ronú pé bóyá ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí ọmọ yín ń gbà.

Mo mu omi náà. Ó bi mí pé níbo la ti wá. Mo ní Lọ́kọ́ja ni. Ó mi orí, ó gba gíláàsì náà, ó ní, “Ẹ kú ìrìn. Bí ẹ bá délé, ẹ bá mi kí àwọn òbí yín.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bó ṣe máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀? Ẹsẹ̀ yín kò jìnnà sí ibi tí mo dúró sí. Ṣé inú bí yín, àbí ẹ kàn rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe máa ń ṣe bí ọbẹ̀ ẹlòmíràn bá jóná? Bí ẹ bá wà láyé, ṣé ẹ̀yin náà ì bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí, kí ojú má baà tì mí lójú ọ̀rẹ́ mi? Ó ń ṣe mí bíi pé bẹ́ẹ̀ lẹ ì bá ṣe. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

N kò lè jẹun lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní bóyá ibà ni, wọ́n ń fún mi ní oògùn. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà lẹ́yìn kíláàsì, mo sọ fún Rónkẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: mọ́tò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyá tó kọ́ mi ní ìmọ́tótó. Mo ní kúkù ni bàbá mi, ilé rẹ̀ lo kọ ahoro sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé omi fún wa. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ní, “O jẹ́ kí n jókòó lórí sàréè bàbá rẹ.”

Ó gbé bàtà rẹ̀ tó ṣì lẹ́rẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀ràn kúkù kò tilẹ̀ kàn án. Gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún kìíní, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé máàpù wa wá bá mi pẹ̀lú bíléèdì, ó ní èmi ni kí n fá a fúnra mi. Mo rọra fá ahoro náà kúrò, mo kun ilé wa dúdú. Bébà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wa á rí i lọ́la nígbà tí a bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ wa níwájú gbogbo kíláàsì, á sì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Àná, Sátidé, ni a padà lọ, èmi àti Rónkẹ́. Òun ló kọ́kọ́ so okùn bàtà, ó ní a gbọ́dọ̀ lọ kí Mama yẹn. A ra búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ, a wọ ọkọ̀ akóyọyọ kan dé ẹsẹ̀ òkè, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìró ni mo ró.

Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń yin àgbàdo. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti Lọ́kọ́ja fò lọ pátá. Mo ní, “Ìyá Àgbà, èmi ni.”

Ó ní, “Ojú mi ò tíì fọ́.”

Ó ń yin àgbàdo rẹ̀ lọ. Rónkẹ́ náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí òkúta. Ìyá Àgbà gbé e dìde, ó ní kó má dààmú, ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn kí èèyàn máa jókòó ti òun. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, ó fi í sórí àpótí. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n dìde. N kò mọ̀ bóyá mo lè wọ inú ilé tí wọ́n ti bí mi sí. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi tí mo lè fi ojú dídì rìn dé ìdí ààrò.

Lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà dìde, ó wọlé. Mo gbọ́ nígbà tó fa pọtimáńtò jáde. Mo gbọ́ ariwo ìwé ìròyìn. Mo ní ó parí, ó tún fẹ́ gbé e fún mi, bí yóò ṣe máa rí láàárín wa títí nìyẹn.

Ohùn rẹ̀ wá láti inú ilé. Ohùn ìgbà èwe mi ni, èyí tó máa ń fi pè mí bí mo bá ń ṣeré pẹ́ jù.

“Àmù ti gbẹ o. Ṣé àlejò ni yóò lọ pọn omi fún ara rẹ̀ ni?”

Bàbá, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Korobá wà níbi tó máa ń wà, lẹ́yìn ààrò. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, mo ń yọ̀ lórí òkúta, mo ń sunkún bí ọmọ kékeré, kò sì sí ẹni tó rí mi àfi ewúrẹ́ kan. Nígbà tí mo gbé omi dé, mo da á sínú àmù, mo fọ gíláàsì yín, mo fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíréè jáde, mo sì kúnlẹ̀ gbé omi fún Rónkẹ́. Ó mu ún tán. Ìyá Àgbà ní n kò di tíréè náà gún régé.

Kọ́ọ̀pù tánganran ni èmi fi mu tèmi. Ibi tó họ lẹ́nu rẹ̀ ti fẹ̀ sí i, ó ń gé ètè. Mo bu lẹ́ẹ̀kan, mo tún bu.

Mo tu koríko yí òkúta yín ká kí a tó padà. Ojú ṣì ń tì mí, n kò sì rò pé yóò tán kíákíá. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la pé ta ló ni ilé tó wà níbi tí bébà ti fẹ́lẹ́ yẹn, mo ti mọ ohun tí màá sọ. Mo ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀mí mi láti àárọ̀. Ẹ bá mi tẹ́tí sílẹ̀.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín ju bí mo ti hùwà lọ.

Ọmọ yín ni,
ọmọ Kúkù.